Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọmọkùnrin Yẹn Máa Dá Kàwé

Bí àwa Yorùbá bá péjọ ní Maryland níbí, ìbáà jẹ́ ìkómọjáde, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń kan ọmọ. Ta ló wọ yunifásítì wo? Ta ló ń kàwé dókítà? Ọmọ ta ló gba sikọ́láṣíìpù? Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti sọ pé, "Àwọn àkátà yìí, pàápàá àwọn ọkùnrin wọn, wọn ò fẹ́ràn ìwé." Àwọn tó kù á mi orí, oúnjẹ á sì máa lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ tó ní oyè máásítà. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí mo mọ àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní ìpínlẹ̀ yìí. Àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ìran wọn ti wà ní Amẹ́ríkà kí ẹnikẹ́ni tó pe ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà pọ̀ nínú kíláàsì mi. Òmíràn nínú wọn ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà sí kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo ti rí èyí tó ń kàwé nínú ọkọ̀ nítorí pé ilé kún. Èyí tó ń fìdí rẹmi nínú wọn, mo sábà máa ń rí i pé kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Ó ń dá kà á, ó ń dá ṣì í, ó ń dá banújẹ́. Ohun tó sì ká mi lára jù ni pé ó ti tó àádọ́ta ọdún tí àwọn kan ti rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n dán an wò, tó jẹ́.

Berkeley ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín lọ, ní California. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Uri Treisman ń kàwé gboyè gíga ní yunifásítì ibẹ̀. Ohun kan ń dà á láàmú. Nínú ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ìwádìí rẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó ka kálíkúlọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ẹ̀ka ìṣirò kan tó le, parí níbẹ̀ ló gba D tàbí F. Ẹni tí kò bá yege kálíkúlọ́ọ̀sì kò lè di ẹnjiníà, kò sì lè débi ìmọ̀ físíìsì. Bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ìran Ṣáínà, nínú kíláàsì kan náà, ń ṣe dáadáa.

Treisman béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ pé kí ló fà á. Ìdáhùn wọn kò jìnnà sí ti òde àríyá wa. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà kò ní ìtara. Wọ́n ní ilé ìwé tí wọ́n ti wá kò múra wọn sílẹ̀, òbí wọn kò mọyì ìwé, owó kò sí nílé. Treisman kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ó mú ogún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti ogún ọmọ Ṣáínà, ó sì ń tẹ̀ lé wọn káàkiri fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kàwé àti ẹni tí wọ́n ń bá kà á.

Ohun tó rí tú àlàyé àwọn olùkọ́ ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú yẹn ló gba ipò kìíní nígbà tí wọ́n ń jáde ilé ìwé girama, àwọn mìíràn jẹ́ aṣíwájú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn ni àdúgbò fi ń yangàn. Òbí òmíràn ti pinnu pé yunifásítì ni ọmọ náà ń lọ kó tó di pé wọ́n bí i. Ibi tí mo máa ń dúró sí nínú ìtàn yìí ni ti àwọn ọkùnrin: àwọn tí máàkì wọn nínú ìdánwò ìṣirò àṣewọlé ga ló sábà máa ń tètè ṣubú. Tó bá jẹ́ pé ọpọlọ ni kò tó, kí ló dé tí ẹni tó ní i jù fi ń ṣubú ṣáájú?

Olùkọ́ ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé wákàtí kan níbí, wákàtí méjì nílé. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń kàwé, wọn ò yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ogún, méjìdínlógún kò bá ẹlẹgbẹ́ wọn kàwé rí. Àwọn ọmọ Ṣáínà náà ń dá kà tiwọn, àmọ́ tó bá yá, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á gba iṣẹ́ ara wọn wò. Ẹni tí ìdáhùn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo wọn á mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé òun ti ṣìnà níbì kan. Wọ́n á jọ máa dán ara wọn wò pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Bí ìbéèrè kan bá sì ṣòro fún gbogbo wọn, wọ́n á mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ló le.

Ọmọkùnrin tó dá jókòó síwájú ìbéèrè kan náà ní aago méjì òru kò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé òun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Tó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá wọ́n ṣèèṣì gba òun wọlé ni. Kì í sì í ṣe pé ó dá ìrò yẹn rò. Ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, nínú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́nu tíṣà, nínú ojú tí wọ́n fi ń wò ó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1995, Claude Steele àti Joshua Aronson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Stanford. Ìdánwò tó le ni wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n sọ pé ìdánwò náà ló máa fi bí ọpọlọ oníkálukú ṣe mú tó hàn, máàkì àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìdánwò kan náà kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ọpọlọ, wọ́n ṣe dáadáa sí i. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí nǹkan yìí ṣe lágbára tó. Èmi ti jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n níwájú ìṣirò tó ṣàlàyé fún ẹlòmíràn lánàá, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn pé ó wà.

Ẹ wá wo ohun tí Treisman ṣe. Yunifásítì náà ti ní ibi tí wọ́n ti ń ran àwọn tí kò lágbára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kì í fẹ́ lọ. Ta ló máa gba ipò kìíní nílé, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà fún kó tó gbéra, táá wá lọ to orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aláìlágbára? Treisman dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, ó ní àwọn tó fẹ́ tayọ ni òun ń wá. Ìṣirò tó ń gbé síwájú wọn le ju ti kíláàsì lọ, àjọṣe ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó ń rìn káàkiri tábìlì, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jiyàn. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú inú ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáadáa ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó àti ti Éṣíà tí kò sí nínú ẹgbẹ́ lọ. Ó gbé ọgbọ́n yìí lọ sí Texas nígbà tó yá, àwọn yunifásítì mìíràn sì yá a lò.

Treisman fi kún iṣẹ́ wọn ni, ẹ jọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláàánú ti ń ṣìnà. Wọ́n rí ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń fà sẹ́yìn, wọ́n á ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣirò ìdá àti ìdámẹ́wàá, tí kò ní fún un ní kirẹ́díìtì kankan, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ sí i jẹ́jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ọmọ náà gbọ́ ohun tí wọn ò fẹnu sọ. Láàárín ọdún kan, á ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Mo ní ìtàn kan tó sún mọ́ ilé wa jù ú lọ. Ìyá kan, tí màá pè ní Ìyá Tóbi níbí, dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ọmọ yìí gba F nínú kálíkúlọ́ọ̀sì kejì. Ọmọ tí kì í gba B rí!" Ẹnjiníà ni Tóbi ń kà ní yunifásítì kan. Mo ní ta ló ń bá kàwé. Ojú ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Kò bá ẹnì kankan rìn o, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kìlọ̀ fún un dáadáa. Mo ní mi ò gbọ́dọ̀ rí i láàárín àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú yẹn. Kíláàsì, yàrá, ṣọ́ọ̀ṣì, ó tán." Tóbi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Nígbà tí mo bá ọmọ náà nìkan sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn òyìnbó inú kíláàsì ti ní ẹgbẹ́ ìkàwé tiwọn, kò sẹ́ni tó pè é sí i. Àwọn ọmọ Íńdíà ní tiwọn. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, wọ́n máa ń jókòó ní yàrá kan ní alaalẹ́, wọ́n pè é títí, kò lọ. "Mọ́mì ò ní fẹ́ ẹ, sà." Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún un, àwa ló tì í.

Mo padà lọ bá ìyá rẹ̀, mo sì sọ bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ fún un. Ní Purdue ní Indiana, ní ọdún 1971, akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Edward Barnette àti Fred Cooper, rí i pé nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wọlé sí ẹ̀ka ẹnjiníà ni kì í parí ọdún àkọ́kọ́. Wọn ò dúró de kí yunifásítì wá gbà wọ́n. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa di ara wọn mú, Arthur Bond tó jẹ́ olùkọ́ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ sì gbà láti jẹ́ olùdámọ̀ràn wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, akẹ́kọ̀ọ́ 48 láti ilé ẹ̀kọ́ 32 pàdé ní Purdue, ibẹ̀ ni National Society of Black Engineers ti di ẹgbẹ́ gbogbo Amẹ́ríkà. Mo ní, "Ìyá Tóbi, àwọn ọmọkùnrin tí ẹ ń sá fún ló dá a sílẹ̀. Àwọn ló sì ń pe ọmọ yín." Kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó lọ. Tóbi tún kálíkúlọ́ọ̀sì ṣe, ó yege. Ọmọ ìlà oòrùn Baltimore kan, tí ìyá ìyá rẹ̀ tọ́ dàgbà, ló ń ṣàlàyé ìṣirò ọ̀hún fún un, Ìyá Tóbi sì ti ń fi ṣinṣín ránṣẹ́ sí ọmọ yẹn báyìí.

Baltimore ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú yẹn ni Frederick Douglass, ẹrú tó padà di gbajúmọ̀ ajàfómìnira, ti kọ́ ìwé kíkà nígbà tó wà lọ́mọdé nínú oko ẹrú. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ABD, ọkọ rẹ̀ ní kó jáwọ́, pé ẹrú tó bá mọ̀wé kò ní ṣeé mú mọ́. Douglass wá ń fi búrẹ́dì sápò tó bá ń jáde, ó ń fún àwọn ọmọ òyìnbó tálákà ládùúgbò, àwọn ọmọ tí ebi ń pa náà sì ń fi ẹ̀kọ́ san án padà fún un. Lójú pópó ló ti rí ẹgbẹ́ ìkàwé tirẹ̀.

Lẹ́bàá ìlú kan náà ni UMBC wà, ìyẹn University of Maryland, Baltimore County. Freeman Hrabowski dé ibẹ̀ ní ọdún 1987 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn alákòóso. Ọmọ Birmingham ní Alabama ni, wọ́n bí i ní ọdún 1950. Ó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ó ń ṣe ìṣirò tirẹ̀, nígbà tó gbọ́ tí Martin Luther King ń sọ pé bí àwọn ọmọdé bá jáde wọ́de, àwọn náà á lè lọ sí ilé ìwé tó dáa. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó bá wọn wọ́de ní 1963, ọlọ́pàá mú un, ó sì lo ọjọ́ márùn-ún látìmọ́lé. Nítorí ilé ìwé! Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé àwọn ènìyàn yìí ò fẹ́ràn ìwé, ọmọ ọdún méjìlá yẹn ni màá fi dá a lóhùn.

Nígbà tí Hrabowski dé UMBC, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń ka sáyẹ́ǹsì níbẹ̀ ń ṣubú bíi ti Berkeley. Olówó kan, Robert Meyerhoff, àti Jane ìyàwó rẹ̀, fẹ́ fi owó ran àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Wọ́n gbé 500,000 dọ́là sílẹ̀, ètò Meyerhoff Scholars sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1988. Ọkùnrin mọ́kàndínlógún ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọlé ní 1989, gbogbo wọn aláwọ̀ dúdú; ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba obìnrin sí i.

Owó ṣe pàtàkì, àmọ́ bí ètò náà ṣe ń rìn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kó wọn jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń kàwé ìṣirò. Tí yunifásítì bá wá wọlé, ẹgbẹ́ ni wọ́n á fi máa kàwé, dandan ni. Bí ẹnì kan bá gba máàkì tó dáa tí ẹnì kejì rẹ̀ sì ṣubú, wọn ò ní kí ẹni àkọ́kọ́ máa yọ̀. Lílọ bá olùkọ́ fún àlàyé jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó mọ̀wé, kì í ṣe ti ẹni tó gọ̀. Àfojúsùn tí wọ́n sì gbé síwájú wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò mọ sórí kí wọ́n yege lásán: oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì ni. Jerome Adams, tó di ọ̀gá àgbà dókítà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2017, inú ètò yẹn ló ti jáde. Kizzmekia Corbett tó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà ti Moderna, ibẹ̀ náà ni. Ní ọdún 2013, Penn State àti yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill bẹ̀rẹ̀ tiwọn, wọ́n wo ti UMBC ṣe é.

Ẹ má rò pé ìtàn ayọ̀ nìkan ni mo kó wá. Ohun tó ń ya ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó mọ ìkọ̀wé. Lákọsílẹ̀ ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún 2011 sí 2012, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n lé lọ sílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, aláwọ̀ dúdú ni ìdá 48. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Kí ni ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe tí wọ́n á fi ní kó máa lọ sílé rẹ̀? Ẹni tí wọ́n ti ń tì síta láti ìgbà yẹn, tó bá dé yunifásítì, kò ní tètè na ọwọ́ sókè pé kò yé òun.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tíṣà. Ṣáájú ọdún 1954 tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi òpin sí yíya ilé ìwé dúdú sọ́tọ̀ sí ti funfun, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà ní tíṣà tó mọ ìyá wọn, tó ń jọ́sìn níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Nígbà tí wọ́n da ilé ìwé pọ̀, wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ síbi tí àwọn funfun wà, wọ́n sì ń dá àwọn tíṣà dúró. Nǹkan bí 38,000 tíṣà àti ọ̀gá ilé ìwé aláwọ̀ dúdú ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná. Lónìí, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún tíṣà ilé ìwé ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí kan tí Seth Gershenson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2017 fi hàn pé, láàárín àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó wá láti ilé tó tálákà gidigidi ní North Carolina, ẹni tó bá ní tíṣà aláwọ̀ dúdú kan péré láàárín ìwé kẹta sí ìkarùn-ún, ewu pé á fi ilé ìwé girama sílẹ̀ lójijì dín kù pẹ̀lú ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Tíṣà kan péré. Ní Clemson ní South Carolina, wọ́n ti ń fi ètò Call Me MISTER kọ́ irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ tíṣà láti ọdún 2000, mo sì gbà pé nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè náwó lé lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó jù ú lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ: àwọn ọmọ tiwa ń ṣe é, ilé ìwé kan náà ni wọ́n ń lọ. Ọmọ Nàìjíríà kan ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ṣáájú wa. John Ogbu, ọmọ Igbo, kọ́ni ní Berkeley títí tó fi kú ní 2003. Ó ní àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá sí ilẹ̀ kan àti àwọn tí wọ́n fi agbára mú wá kì í fi ojú kan náà wo ilé ìwé ibẹ̀. Òótọ́ ni. Àwa tó gba físà wá, pàápàá àwa tó ti gboyè kí a tó wọkọ̀ òfuurufú, a ń fi ibí wé Ìbàdàn, wé Èkó, ibí sì ń dùn lẹ́nu wa. Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú gbé baba ńlá rẹ̀ wá, tí òfin South Carolina ti ọdún 1740 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní ìkọ̀wé, kò ní Ìbàdàn tó máa fi wé e. Ní 1986, Ogbu àti Signithia Fordham tún kọ̀wé pé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Washington ń fà sẹ́yìn nínú ìwé kí ẹgbẹ́ wọn má bàa ní wọ́n ń ṣe bí òyìnbó. Apá yìí ni àwọn ènìyàn wa gbá mú, òun ni wọ́n ń sọ kiri. Èmi kò lè gbà á bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní yunifásítì Ogbu náà ni Treisman ti rí àwọn ọmọ tó ń fi òtítọ́ inú kàwé lójoojúmọ́, tí kò sì sẹ́ni tó bá wọn wò ó.

Ọmọ wa kò sì yọ sílẹ̀. Ní 2018, Raj Chetty, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ọmọ Amẹ́ríkà wò. Àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n tọ́ ní ilé olówó, tó ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin funfun olówó, kì í rí owó tó wọn tí wọ́n bá dàgbà. Láàárín àwọn obìnrin, ìyàtọ̀ yẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tó ń ra ilé sí àdúgbò tó dáa nítorí ọmọ. Tóbi lè máa jẹ́ Olúwatóbilọ́ba nínú ilé. Nígbà tó bá wọ kíláàsì, ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ Baltimore yẹn ni wọ́n máa fi wò ó.

Ní ti owó, màá sọ ọ́ ní ṣókí. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀pọ̀ yanturu. Georgia State ní Atlanta rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni wọ́n ń yọ orúkọ wọn kúrò nítorí gbèsè ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan. Láti 2011, yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ sí í san irú gbèsè bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan: bó bá ti ń yẹ̀, olùdámọ̀ràn á pè é kó tó pẹ́ jù. Ó dé ìpele kan tí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ń gboyè jáde bí àwọn funfun ṣe ń gbà á.

Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí, láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ní yunifásítì Harvard àti ti North Carolina kò gbọ́dọ̀ wo àwọ̀ mọ́ tí wọ́n bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ètò tó ń pe ara rẹ̀ ní ti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Ó bà mí nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n Maryland ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 1994, ilé ẹjọ́ kan fagi lé sikọ́láṣíìpù Banneker tí yunifásítì ní College Park ń fún àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan. Lẹ́yìn náà, ní 1996, ètò Meyerhoff ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo àwọ̀. Ó ṣì ń kó wọn jọ lọ́sẹ̀ mẹ́fà, ó ṣì ń ní kí wọ́n jọ kàwé, àwọn aláwọ̀ dúdú ṣì ń ti ibẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Kò sí adájọ́ tó lè ní kí ènìyàn mẹ́rin má jókòó sí tábìlì kan láti ṣe ìṣirò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohun tí Tóbi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ṣe ní alaalẹ́ nìyẹn.

Ìdí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá rèé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé fún àwọn ọmọ wa. Ẹnjiníà wà láàárín wa, oníṣirò wà, nọ́ọ̀sì tó mọ kẹ́mísírì dunjú wà. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀ mọ́ tiwa, ẹ fún wọn ní ìṣirò tó le, ẹ má ṣe kọ́ wọn bí ẹni ń ṣàánú. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa, a máa ń lo yàrá kan ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tábìlì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ìṣirò ti ní ẹni tó ń bójú tó o. Físíìsì ni kò ní ẹnì kankan, àwọn ọmọ sì ń béèrè. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, tí ẹ sì ń gbé nítòsí, ẹ kọ̀wé sí mi.